Káàdì Ẹni Tí Kò Sí Lórí Àga

Ọjọ́ kejì tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀, Má-Wobẹ̀ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti síkẹ́ẹ̀tì dúdú tó fi ń ṣiṣẹ́, ó sì mú báàgì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin dìde lórí àga tó jókòó sí, ó lọ fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn pálọ̀.

"Ìyàwó, níbo?"

"Ibi iṣẹ́, Àǹtí."

"Iṣẹ́ wo? Ilé káàdì yẹn náà? Ibi tí wọ́n ti pa àbúrò mi?"

"Ẹnikẹ́ni ò pa á níbẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì mi ló kú sí."

"Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dá mi lóhùn! Iyẹ̀pẹ̀ tí a dà lé e lórí ò tíì gbẹ, ìyàwó ti gbé báàgì. Kí ni kí n sọ fún àwọn tó ń bọ̀ wá kí wa?"

"Ẹ sọ fún wọn pé mo lọ síbi iṣẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé orí mi ti yí. Èyí tó bá wù yín, Àǹtí, ẹ ṣáà kúrò lẹ́nu ọ̀nà."

Àǹtí ò kúrò. Obìnrin tó sanra ni, ilẹ̀kùn náà ò sì fẹ̀. Má-Wobẹ̀ wò ó lókè wò ó nílẹ̀, ó pòṣé, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, ó gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná jáde. Ó ti dé ìdí géètì kó tó gbọ́ tí Àǹtí ń pariwo pé, "Ó ti sá! Ẹ wá wo ìyàwó tó sá fún òkú!"

Ohun tó ń lé e jáde kò ju ẹyọ kan lọ. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Nọ́ọ̀sì, obìnrin kan tó máa ń bá ọkọ rẹ̀ ta káàdì, pè é lórí fóònù pé, "Màmá, mo ti dé gbọ̀ngàn. Wọ́n ti gbé àga ọkọ yín kúrò nídìí tábìlì. Ara ògiri ni wọ́n fi tì."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé gbọ̀ngàn yìí. Òkè ilé ìtajà àga àti bẹ́ẹ̀dì ló wà, àtẹ̀gùn onírin lèèyàn ń gùn débẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń ta káàdì pókà níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n ń ṣe ìdíje ńlá kan. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ni wọ́n máa ń fún ní ẹyọ, àwọn ike roboto aláwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n fi ń ta. Ẹni tí ẹyọ rẹ̀ bá tán, kó dìde, kó máa lọ. Bí èèyàn bá ku mẹ́sàn-án, wọn yóò kọ orúkọ àwọn mẹ́sàn-án náà sórí pátákó gíga kan tó wà lára ògiri, ọ̀dà funfun lórí igi dúdú. Kò sí ohun tí wọ́n ń lé tó pátákó yẹn níbẹ̀. Ọkùnrin kan wà tí ó máa ń mú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ wá wo orúkọ ara rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá lọ wo ilé tuntun.

Ọdún mọ́kànlá ni ọkọ Má-Wobẹ̀ fi lé pátákó náà. Aago ló ń tún ṣe. Ìsọ̀ rẹ̀ kò fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ, dígí kékeré ló máa ń wà lójú rẹ̀ ọ̀tún láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Aláago ni gbogbo gbọ̀ngàn ń pè é. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe ipò kejìlá, tó bọ́ sílé tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n Sátidé tó kọjá, nínú ogóje èèyàn, ó wà lára àwọn mẹ́wàá tó kù nígbà tí wọ́n dá eré dúró. Wọ́n ní kí àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá padà wá ní Sátidé kejì, ní aago méjìlá ọ̀sán. Ẹnì kan péré ló kù kó bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú máa mọ́, Aláago ti kú.

Má-Wobẹ̀ kì í ta káàdì ní tirẹ̀. Òun ló ń pín in. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìfọṣọ ọsibítù, títí tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ tó ń ká aṣọ, tí wọ́n ní kí àwọn obìnrin máa lọ sílé. Ọkọ rẹ̀ ló ní, "Ọwọ́ tó yára báyìí ò gbọdọ̀ jókòó lásán." Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń da káàdì pọ̀ lórí tábìlì ilé ìdáná, ó ń rẹ́rìn-ín bí káàdì ṣe ń fò sínú páànù. Kíláàsì mẹ́rin péré ni Má-Wobẹ̀ kà nílé ìwé, ìwé kíkà kì í yá a. Nítorí náà ó ní kí ọkọ òun ka ìwé òfin ìdíje sí òun létí lálaalẹ́, àtọ̀kan dé mẹ́rìnlélógójì, títí tó fi mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Ó wá di pé àwọn tó ka ìwé gan-an ló ń bi í.

Òfin kẹrìnlá ló sọ ọ́ ní Má-Wobẹ̀. Bí ẹnì kan bá dìde lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí ó lọ gba ìpè, eré kì í dúró dè é. Apínkáàdì yóò pín káàdì méjì síwájú àga rẹ̀ bíi ti gbogbo èèyàn, ní ìdojúbolẹ̀. Bí káàdì tó gbẹ̀yìn bá ti balẹ̀ tí kò tíì dé orí àga, káàdì rẹ̀ ti kú nìyẹn. Apínkáàdì yóò fà á wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ rí ojú rẹ̀. Bó bá sì kan ẹni náà láti fi ẹyọ ọ̀ranyàn sílẹ̀, èyí tó máa ń kan oníkálukú ní ìtẹ̀léra kí wọ́n tó pín, apínkáàdì fúnra rẹ̀ ni yóò bù ú láti inú òkìtì rẹ̀. Èèyàn ò lè ṣe kó má yọjú. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga òfìfo yóò na ọrùn bí àgùfọn, òmíràn yóò fẹ́ fi ìka gbé etí káàdì sókè, kó ṣáà lè mọ ohun tí ẹni náà ì bá ní. Ìgbà yẹn ni obìnrin yìí máa ń jágbe pé, "Má wobẹ̀!" tí àwọn tó ń ta bẹ́ẹ̀dì nísàlẹ̀ yóò fi gbọ́. Bí wọ́n bá ní kí ló dé tó fi le tó bẹ́ẹ̀, á ní, "Kò sí níbẹ̀ láti bá ọ jà. Èmi ni mo wà níbẹ̀."

Òun àti ọkọ rẹ̀ ní àdéhùn kan: kò ní pín káàdì nídìí tábìlì tí ọkọ bá wà. Sátidé tó kọjá yẹn, apínkáàdì kan kò wá, Máníjà sì ní kó jọ̀ọ́, kó lọ jókòó nídìí tábìlì Aláago. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Máníjà, má fi mí síbẹ̀." Máníjà ní kò sí ẹlòmíràn.

Èèyàn kù méjìlá. Aláago dìde lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sì tètè dé. Má-Wobẹ̀ ń pín. Ó rí i tí ó ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, tí ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí ó ń fọwọ́ kan ẹ̀yìn àga kan sí òmíràn bí ẹni tó ń ka àga. Inú bí i. Ó ní nínú ara rẹ̀, ẹsẹ̀ wo ló ń gbé báyìí? Káàdì tó gbẹ̀yìn balẹ̀ nígbà tó ku ẹsẹ̀ kan kó dé àga rẹ̀. Ó fa káàdì rẹ̀ wọlé.

Aláago wò ó. "Ẹsẹ̀ kan ló kù, ìyá."

"Ẹsẹ̀ kan náà ni òfin ń sọ."

"Aláago!" ni ẹnì kan pariwo, "ìyàwó ẹ ti lé ẹ jáde nílé o!" Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n délé, ó bi í pé, "Kí ni káàdì méjèèjì yẹn?"

"Mi ò wò ó."

"O ò wò ó? Ti ọkọ ẹ?"

"Mi ò wo ti ẹnikẹ́ni rí."

Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó sùn. Bí wọ́n ṣe parí ọ̀rọ̀ tí ó wà láàárín wọn fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyẹn.

Tó bá ṣe pé ibẹ̀ ló mọ, ó lè sunkún bí àwọn obìnrin yòókù ṣe ń sunkún. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìsìnkú, Nọ́ọ̀sì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ọsibítù, òun náà sì wà lára àwọn mẹ́wàá. Ó ní, "Màmá, ó yẹ kí n sọ fún yín. Mo bá a ní ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ó di ara ògiri mú. Ó ní àyà ń fún òun. Mo ní ká lọ sí ọsibítù, ó ní rárá. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún yín, pé ẹ máa fà á lọ sílé, pátákó á sì lọ."

Láti ìgbà yẹn, omijé Má-Wobẹ̀ ti gbẹ. Ìbínú ló kù. Ó ń bínú sí Nọ́ọ̀sì, ó ń bínú sí Máníjà, ó ń bínú sí ọwọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìbínú rẹ̀ pọ̀ sí jù ni ọkùnrin tó wà nínú ilẹ̀, tó mọ̀ pé àyà ń fún òun, tó wá dúró níwájú ìyàwó rẹ̀, tó ní ẹsẹ̀ kan ló kù. Wọ́n wá ní àwọn máa gbé àga rẹ̀ kúrò? Kí gbogbo rẹ̀ wá já sí asán?

Ó gun àtẹ̀gùn onírin náà méjì-méjì.

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tábìlì ńlá kan ló wà láàárín gbọ̀ngàn, aṣọ àwọ̀ ewé lórí rẹ̀, àga mẹ́sàn-án yí i ká. Ìkẹwàá wà lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrọ́ọ̀mù.

Máníjà sáré pàdé rẹ̀. Ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, tí bàtà rẹ̀ máa ń dán. "Màmá, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Kò yẹ kẹ́ ẹ wá lónìí."

"Ta ló gbé àga yẹn kúrò?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọ́fíìsì."

"Ibí yìí ni mo wà. Ta ló gbé e?"

Onítáyà ló dáhùn láti orí ìjókòó. Táyà ọkọ̀ ló ń tà, ohùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. "Àwa la ní kí wọ́n gbé e. Màmá, ẹ má bínú, Aláago èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n a ò lè máa bá òkú ta káàdì. Alààyè mẹ́sàn-án ló wà níbí. Mẹ́sàn-án ni pátákó gbà. Kí ló tún kù?"

"Ìwọ tó kù díẹ̀ kí ẹyọ ẹ tán lọ́sẹ̀ tó kọjá," ni Má-Wobẹ̀ wí, "o ti wá rí ọ̀nà àbùjá. Nígbà tó ń gba ẹyọ lọ́wọ́ ẹ, òkú ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ojú Onítáyà pọ́n.

Máníjà gbìyànjú. "Màmá, ẹ̀yin náà mọ òfin. Òfin kẹrìnlá, ẹni tí kò sí lórí àga ló ń bá wí. Ẹni tí kò sí láyé mọ́ ńkọ́?"

"Kà á fún mi."

"Màmá..."

"O mọ ìwé. Kà á. Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ká bi ẹni náà níbi tó lọ? Òfin ò bèèrè ju nǹkan kan lọ: nígbà tí káàdì tó gbẹ̀yìn balẹ̀, ṣé ó wà lórí àga? Kò sí. Káàdì ẹ ti kú, ẹyọ ẹ dúró. Ọ̀gbẹ́ni tí ọlọ́pàá wá mú lórí àga yìí, ṣé a ò pín tirẹ̀ fún wákàtí méjì? Obìnrin tí ìrọbí mú, tí wọ́n gbé gba àtẹ̀gùn yẹn, ta ló fa káàdì ẹ̀ wọlé títí ó fi bímọ? Èmi ni! Ó dé ipò kẹfà, ẹ kọ orúkọ ẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í pé níbo lo lọ."

Nọ́ọ̀sì tó ti ń wo ìka ara rẹ̀ láti àárọ̀ gbójú sókè. "Òótọ́ ló sọ. Bí ẹ bá gbé àga yẹn kúrò, èmi náà á dìde, màá sì sọ ìdí ẹ̀ fún gbogbo èèyàn."

Bí wọ́n ṣe gbé àga padà nìyẹn. Máníjà mú àpò ọ̀rá kan jáde láti inú dúrọ́ọ̀. Bí eré bá dá dúró, oníkálukú ló máa ń kó ẹyọ rẹ̀ sínú àpò, tó ń lẹ̀ ẹ́ pa, tó ń kọ iye rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ sí i lára. Má-Wobẹ̀ gbà á. Ọwọ́ ìkọ̀wé kékeré yẹn, tó tẹ̀ sí ọ̀tún, ló wà lára rẹ̀: *mẹ́tàlá*. Ọwọ́ tó kọ ọ́ gbọ̀n díẹ̀. Inú tún bí i. Ó fa ọ̀rá náà ya, ó da ẹyọ pupa mẹ́tàlá síwájú àga òfìfo, ó tò wọ́n bí ó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ló lọ dúró lẹ́yìn okùn, níbi tí àwọn òǹwòran máa ń dúró.

Onígíláàsì ló máa pín. Apínkáàdì tó ti pẹ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù òkú ju bí ọmọdé ṣe ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ lọ. Ó pín ọ̀kan, ó pín èjì, nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àga òfìfo, ọwọ́ rẹ̀ fò ó kọjá. Ó padà yí i ká, ó tún fò ó.

"Dúró!" ni Má-Wobẹ̀ ké láti ẹ̀yìn okùn. "O ti fo àga! Gbogbo káàdì tó tẹ̀ lé e ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ni ín. Kó gbogbo ẹ̀ wọlé!"

"Kó kí ni wọlé?" Onítáyà ti yọjú wo tirẹ̀. "Mo ní ọba méjì! Ọba méjì rèé! Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń wá wọn!"

"Ọba ẹni ẹlẹ́ni ni. Kó wọn wọlé."

Onígíláàsì ń làágùn. "Màmá, ẹ má bínú. Mo ṣe é kí n lè bọ̀wọ̀ fún un ni."

"Ọ̀wọ̀ wo? O fi káàdì méjì dù ú, o pè é lọ́wọ̀! Dìde níbẹ̀."

"Màmá," ni Máníjà sọ, "ẹ ò lè pín nídìí tábìlì ọkọ yín."

Má-Wobẹ̀ yíjú sí i. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, èyí sì burú ju ariwo lọ. "Sátidé tó kọjá, mo bẹ̀ ọ́. O gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi? Wo ìwé iṣẹ́ tí o lẹ̀ mọ́ ara ilẹ̀kùn. Orúkọ mi wà níbẹ̀, aago méjìlá. O ò pa á rẹ́, nítorí o ò tiẹ̀ rántí pé mo ní ìdí tí mi ò fi ní wá. Káàdì ẹ̀ ti kú kí n tó fọwọ́ kàn án. Ojúsàájú wo ni mo fẹ́ ṣe fún un? Sọ ọ́."

Onígíláàsì ti dìde ní tirẹ̀, bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Má-Wobẹ̀ jókòó. Ó da káàdì pọ̀ lẹ́ẹ̀meje. Ó pín. Káàdì méjì bọ́ síwájú àga òfìfo, wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn dáadáa. Káàdì tó gbẹ̀yìn balẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fa ti ọkọ rẹ̀ wọlé bí ó ṣe ń fa ti ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tó wà lápá òsì àga náà na ọrùn.

"Má wobẹ̀!"

Ọrùn padà sáyè rẹ̀.

Kò pẹ́ tó fi rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò bá ẹnì kejì jà. Tí wọ́n bá wo káàdì wọn, wọ́n á jù ú nù. Ẹyọ ọ̀ranyàn tí alààyè kan bá fi sílẹ̀, ó ń yí padà sọ́dọ̀ rẹ̀ tàbí sọ́dọ̀ ẹnì kejì rẹ̀. Àga òfìfo nìkan ni kò ní ẹni tí yóò bá a gba nǹkan padà. Bó bá ti kàn án, Má-Wobẹ̀ á fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ẹyọ mẹ́rin láti inú òkìtì ọkọ rẹ̀, á tì í síwájú, ẹnì kan á sì kó o. Eré yí po lẹ́ẹ̀kan, mẹ́tàlá di mẹ́sàn-án. Ó yí po lẹ́ẹ̀kejì, ó di márùn-ún.

"Ẹ rọra," ni Onítáyà ń sọ, ó ń nu imú. "Kò sí ìjà. Ẹ̀ẹ̀mejì sí i báyìí, ó parí."

"Òfin kẹsàn-án," ni Má-Wobẹ̀ wí láìgbé ojú sókè. "Ẹ ò gbọdọ̀ ṣe àdéhùn lórí tábìlì."

"Àdéhùn wo? Mo ń dá sọ̀rọ̀ ni."

"Èmi ò sí nínú ẹ̀ o," ni Nọ́ọ̀sì sọ. "Kò sí ẹni tí mo bá ṣe àdéhùn."

"Ṣé a pè ẹ́ ni?"

Má-Wobẹ̀ kò lè ṣe nǹkankan sí i. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lára gan-an nìyẹn. Apínkáàdì ò lè fipá mú ẹnikẹ́ni jà. Èèyàn mẹ́sàn-án tí ẹ̀mí wà lára wọn fìmọ̀ ṣọ̀kan láti fi ìjókòó lásán ṣẹ́gun àga kan, òun ló sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹyọ náà fún wọn.

Ìgbà kẹta kàn án. Ó bu mẹ́rin nínú márùn-ún, ó tì í síwájú. Ẹyọ pupa kan ló kù lórí aṣọ àwọ̀ ewé náà. Bí eré bá tún yí po kàn án, ọ̀kan yẹn náà á lọ, Aláago á sì ṣe ipò kẹwàá, orúkọ rẹ̀ ò ní sí níbì kankan. Ó pín. Ó fa káàdì méjèèjì wọlé.

Èèyàn mẹ́rin ju tiwọn nù. Ó kan Onítáyà. Ẹyọ mẹ́sàn-án péré ló kù níwájú rẹ̀, òun ni òkìtì rẹ̀ kéré jù nínú àwọn alààyè. Ó wo káàdì rẹ̀, ó wo ẹyọ mẹ́rin tó dúró láìsí ẹni tó máa jà fún un. Ó tún wò ó. Ẹ bá mi wo ojú rẹ̀. Ó ti gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán rẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ṣé kì í ṣe pé o ní ká má jà ni?" ni ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bi í.

"Ta ni mo ń bá jà? Àga òfìfo ni! Ẹ fi èyí sílẹ̀ fún mi jàre."

Àwọn yòókù pòṣé, wọ́n ju tiwọn nù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá ku Nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì gbé etí káàdì rẹ̀ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà.

"Màmá Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ fẹ́ sùn síbí ni?" ni Onítáyà wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti di fẹ́lẹ́.

"Mo bá ọ lọ," ni Nọ́ọ̀sì sọ, ó sì ti ẹyọ mẹ́sàn-án síwájú.

Wọ́n ṣí i. Onítáyà ní ọbabìnrin kan àti mẹ́fà kan. Nọ́ọ̀sì ní mẹ́wàá méjì. Má-Wobẹ̀ ṣí káàdì márùn-ún àárín tábìlì, èyí tí oníkálukú ń fi kún tirẹ̀, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan, ọ̀kan. Kò sí ọbabìnrin nínú wọn. Kò sí mẹ́fà. Mẹ́wàá méjì Nọ́ọ̀sì ló borí.

"Ìkẹwàá," ni Má-Wobẹ̀ kéde, "Onítáyà."

Onítáyà fò dìde, àga rẹ̀ ṣubú. "Ẹ rí i bí? Ẹ rí ohun tí mo sọ? Òkú lé mi lórí àga! Èmi alààyè!"

"Òkú kọ́. Ojúkòkòrò ẹ ni. Àtẹ̀gùn wà lọ́hùn-ún."

Ó lọ tòun ti èébú. Gbogbo gbọ̀ngàn ń gbọ́ bí irin àtẹ̀gùn ṣe ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí eré tún yí po kan àga òfìfo, Má-Wobẹ̀ mú ẹyọ tó gbẹ̀yìn náà, ó tì í síwájú. Ó fa káàdì méjì náà wọlé. Ẹnì kan kó ẹyọ. Dandan ni kí apínkáàdì kéde, ó sì kéde, "Ìkẹsàn-án, Aláago." Lẹ́yìn okùn, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

"Ẹ dákẹ́!" ni ó jágbe. "Kí lẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún? Ta ló ṣe kí ni?"

Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì han gbogbo èèyàn, òkè àti ìsàlẹ̀, bí òfin ṣe sọ, kí wọ́n lè rí i pé kò mú nǹkankan dání. Ó dìde fún Onígíláàsì. Bó ṣe ń kọjá lẹ́yìn Nọ́ọ̀sì, ó tẹ̀ ba, ó sọ sí i létí pé, "Mi ò tíì dárí jì ọ́ o."

"Mo mọ̀," ni Nọ́ọ̀sì wí.

Má-Wobẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ títí tí ẹni tó ń kọ pátákó fi gun àkàbà, tó kọ orúkọ náà tán. Ó ní kó kọ ọ́ ní ìlà tirẹ̀ kó má kọ nǹkan mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Máníjà fẹ́ kí wọ́n fi *olóògbé* kún un. Má-Wobẹ̀ ní, "Ṣé ẹ fi *aboyún* sí ti obìnrin yẹn ni?"

Ìrọ̀lẹ́ ò tíì lẹ́ nígbà tó délé. Àǹtí jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, ó ká apá mọ́ àyà.

"O dé."

"Mo dé, Àǹtí."

"Gbogbo ayé ti wá, gbogbo ayé ti bèèrè ẹ. Mo ní o lọ sí ilé káàdì. Mi ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni nítorí ẹ."

"Ẹ ṣeun."

Àǹtí pòṣé. "Wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀?"

"Ọ̀dà ò tíì gbẹ."

"Èèyàn mélòó ló tiẹ̀ wà nínú nǹkan yẹn?"

"Ogóje."

"Ó wá ṣe ìkẹta?"

"Ìkẹsàn-án."

"Láìsí níbẹ̀."

"Láìsí níbẹ̀."

"Ọ̀dẹ̀," ni Àǹtí wí. "Ọdún mọ́kànlá tó fi wà níbẹ̀, kò rí i ṣe." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Má-Wobẹ̀ jókòó tì í, ó bọ́ bàtà. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. "Ó mọ̀, Àǹtí. Ọjọ́ Sátidé yẹn, ó mọ̀ pé àyà ń fún òun. Ó sọ fún Nọ́ọ̀sì. Ó bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún mi."

Àǹtí yí gbogbo ara padà sí i. "Ó ṣe kí ni?"

"Nítorí pátákó."

"Ó tún ṣe é!" Àǹtí ti dìde. "Ó tún ṣe é! Ìyàwó, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ó jábọ́ lórí òrùlé, apá ẹ̀ kán, ó wọ ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn fún ọjọ́ méjì nítorí pé wọ́n fẹ́ mú wọn lọ wo ọkọ̀ ojú omi! Ọjọ́ méjì! Èmi ni mo wẹ̀ fún un, ó ní kí n má fọ apá yẹn!"

"Mo ní ẹsẹ̀ wo ló ń gbé bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin! Mo rí i! Mo rò pé ó ń ṣe ọ̀lẹ ni!"

"Alágídí! Orí kunkun! Màmá wa sọ ọ́, ó ní ọmọ yìí á pa ara ẹ̀ sínú ẹ̀rín!"

"Ó wá dúró síwájú mi, ó ń wò mí bí ẹni tí mo jẹ níyà!"

"Tó bá wà níbí báyìí, ìgbájú ni màá fọ́ ọ!"

"Ẹ ò ní kàn án, èmi ni màá kọ́kọ́ débẹ̀!"

Tọkọtaya kan láti àdúgbò tó wá bá wọn kẹ́dùn ti dé ìdí géètì nígbà náà, wọ́n wọ aṣọ dúdú, ọkọ di àpò ọsàn mú. Wọ́n gbọ́ bí àwọn obìnrin méjèèjì ṣe ń bú òkú náà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, tí ọ̀kan ń gbà á lẹ́nu èkejì. Ọkọ wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó fa apá rẹ̀ pé kí wọ́n ṣì dúró ná.